Ẹrú Kú, Ìyá Kò Gbọ́: Ìrìn Ẹsẹ̀ Kan ní Etí Ọ̀sà Àgbádárìgì

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Gbogbo wa la mọ òwe náà, ọmọ ilé-ìwé paápàá mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n fi ipá gbé lọ sí àjò ńkọ́, tí kò mọ ibi tó ń lọ, tí kò sì rí ọ̀nà ilé mọ́? Ọ̀rọ̀ irú àwọn ẹni bẹ́ẹ̀ ni a lọ gbọ́ ní Àgbádárìgì, òun náà ni mo sì fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ lónìí.

Kì í ṣe pé mo fẹ́ ròyìn ìrìn-àjò lásán. Ẹni tó bá wo eré orí ìtàgé a máa sọ ibi tó dára àti ibi tó kù díẹ̀ káàtó. Ẹni tó bá ka ìwé a máa ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Lójú tèmi, bí amọ̀nà bá ń mú èèyàn rìn kiri ìlú, tó ń nawọ́ sí ilé, tó ń pa ìtàn, eré ni iṣẹ́ rẹ̀, ìwé sì ni. Owó la san kí a tó wò ó. Ó yẹ kí á lè sọ bó ti rí lẹ́nu wa, kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí èyí tó sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwa méjìdínlógún la gbéra ní Àkúrẹ́ ní ìdájí ọjọ́ Ẹtì kan. Òṣìṣẹ́ ìjọba wà nínú wa, akẹ́kọ̀ọ́ wà níbẹ̀, gbẹ́nàgbẹ́nà kan àti ìyàwó rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Nígbà tí a dé Òǹdó, a gbé àwọn mẹ́rin kún un. Ọ̀kan nínú wọn ni màmá kan tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Kí a tó dé Orè, gbogbo ọkọ̀ ti ń pè wọ́n ní Màmá Òǹdó. Wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá béèrè ọ̀rọ̀, ẹni tí wọ́n bi á wá èsì títí. Ẹ fi Màmá yìí sọ́kàn, nítorí ọ̀dọ̀ wọn ni ọ̀rọ̀ mi máa já sí.

A sùn ní Àgbádárìgì. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ìrìn bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yin ohun tó yẹ ní yíyìn. Etí omi Àgbádárìgì dùn-ún wò. Ìlú náà kò kọjú sí òkun gan-an, ọ̀sà ló kọjú sí. Ní òdìkejì ọ̀sà ni Gberefu wà, ẹ̀yìn Gberefu ni òkun ńlá wà. Inú òkun lọ́hùn-ún ni ọkọ̀ òyìnbó ń dúró sí láyé ọjọ́sí, tí àwọn ọkọ̀ kéékèèké á máa kó ẹrù àti èèyàn lọ bá wọn. Ọ̀nà kan wà tó bá ọ̀sà rìn, Marínà ni wọ́n ń pè é. Èèyàn lè fi ẹsẹ̀ rìn láti ilé ìtàn kan dé òmíràn níbẹ̀ láìwọ mọ́tò. Ìlú tó lè ṣe èyí kò pọ̀ lọ́dọ̀ wa. A ti wó èyí tó pọ̀ nínú ilé àtijọ́ tiwa ní Àkúrẹ́, a fi ṣọ́ọ̀bù dípò wọn.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Nàìjíríà ni wọ́n kọ́kọ́ mú wa dé. Ní 1842 ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀, ní 1845 ni wọ́n parí rẹ̀. Alùfáà Gollmer ti ìjọ C.M.S. ló kọ́ ọ. Àjàyí Crowther náà gbé ibẹ̀ nígbà tó dé Àgbádárìgì ní 1845. Amọ̀nà wa mọ iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀. Ó fi pákó àti àtẹ̀gùn hàn wá, ó sọ ọ̀rọ̀ Bíbélì Yorùbá fún wa. Ohùn rẹ̀ dára, kò kánjú, ó sì ń dá àwọn ọmọdé lóhùn bó ti ń dá àgbà lóhùn. Ẹni tó ní irú ohùn yẹn, ó ti ní ìdajì iṣẹ́.

Láti ibẹ̀ a lọ wo ibi tí igi Agia dúró sí, ìyẹn igi tí wọ́n ti wàásù ìhìn rere lábẹ́ rẹ̀ ní 1842. Igi náà ti wó láti 1959, ohun ìrántí ló wà níbẹ̀ báyìí. A kọjá lọ sí ọjà Vlekete, níbi tí wọ́n ti ń ta èèyàn. Orúkọ òrìṣà òkun ni Vlekete lọ́dọ̀ àwọn Ègùn. A kò lò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ níbẹ̀. Nígbà tí mo wo aago mi, mo rí i pé ìdajì wákàtí la lò nílé Bíbélì, ìṣẹ́jú márùn-ún lọ́jà tí wọ́n ti ń ta ọmọ ènìyàn. Èyí ni ohun àkọ́kọ́ tó kọ mí lóminú.

Kì í sì ṣe ọ̀rọ̀ aago nìkan. Ọ̀nà tí amọ̀nà gbà to ìtàn náà ló lè ṣi èèyàn lọ́nà. Ó fi ilé àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run sí òwúrọ̀, ó fi ilé ẹrú sí ọ̀sán, bí ẹni pé ọ̀kan ti parí kí èkejì tó bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ló rí. Òótọ́ ni pé láti 1807 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti fòfin de òwò ẹrú fún àwọn ará ìlú wọn, ṣùgbọ́n ọkọ̀ àwọn mìíràn kò dẹ́kun. Nígbà tí wọ́n ń kan pákó ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn, ọkọ̀ ẹrú ṣì ń gbéra létí òkun yìí lọ sí Brasil. Ní ìparí 1851 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó yìnbọn lu Èkó, tí wọ́n ní àwọn fẹ́ fòpin sí òwò náà. Nínú ìlú kan ṣoṣo ni orin ìjọ àti ìró ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ti ń dún nígbà kan náà. Ṣé ẹ rí i pé ìtàn yẹn le ju èyí tí wọ́n pa fún wa lọ? Ó le, ṣùgbọ́n òun ló kọ́ni lọ́gbọ́n.

Ilé tó tẹ̀ lé e ni ilé tí wọ́n kó ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí. Àwọn ilé bẹ́ẹ̀ tó mélòó kan ní ìlú náà, n ò ní dárúkọ èyí tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀. Irin ọrùn wà níbẹ̀, irin ẹsẹ̀ wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń pa ẹnu dé náà wà níbẹ̀. Nígbà tí mo gbé ọ̀kan, ọwọ́ mi relẹ̀. Amọ̀nà ní ẹni tó bá fẹ́ lè fi í sọ́rùn kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan nínú wa gba irin ọrùn, ó fi kọ́ ọrùn, ó yọ eyín, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé fóònù sókè. Ẹ̀rín sọ. Màmá Òǹdó kò pariwo. Wọ́n kàn rìn lọ bá a, wọ́n ní, “Ọmọ mi, bọ́ ọ sílẹ̀. Ọrùn ẹnìkan ti wà níbẹ̀ rí.”

Ọmọ náà bọ́ ọ. Ó dọ̀bálẹ̀. N kò bá ọmọ náà wí, nítorí pé òun kọ́ ló ní kí wọ́n fi irin ṣeré. Ẹni tó ń fi ohun ìbànújẹ́ han èèyàn gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e léni lọ́wọ́. Ẹ wo bí a ṣe ń ṣe nílé òkú. Kò sẹ́ni tó ń fi aṣọ òkú sọ́rùn ya fọ́tò.

A dé ilé Seriki Faremi Williams Abass lẹ́yìn náà, ilé oníyàrá 40 tí wọ́n máa ń ti àwọn ẹrú mọ́ kí ọkọ̀ tó dé. Níbí gan-an ni amọ̀nà wa ti ṣe dáadáa jù lọ. Ó sọ fún wa, kò fi bò, pé ọmọ Yorùbá ni ẹni tó ni ilé náà, pé ẹrú lòun fúnra rẹ̀ ti jẹ́ rí. Wọ́n mú un ní kékeré, wọ́n gbé e dé Brasil, ó padà wálé, ó sì di ẹni tó ń ta ẹlòmíràn. Ó di olówó, ó di olóyè, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì bu ọlá fún un. Ní 1919 ló kú. Gbogbo wa dákẹ́ nígbà tí amọ̀nà ń sọ èyí. Kò sí ìtàn tí mo gbọ́ lọ́jọ́ náà tó wọ̀ mí lára tó o. Ẹni tí iná ti jó rí ló tún ń dáná fún ẹlòmíràn. Amọ̀nà tó lè sọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ láì pọ́n ọn, láì bù ú kù, ó mọ iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n níbẹ̀ náà ló ti ní agboòrùn kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń gba ẹrú 40. Gbogbo èèyàn pariwo, “Há!” Èmi náà pariwo. Ìgbà tí mo jókòó ni mo wá bi ara mi pé ta ló kà wọ́n? Ọdún wo? Ọwọ́ ta ni wọ́n ti gbà á? Kò sọ, a kò sì béèrè. Òǹkà tí kò ní ẹlẹ́rìí, bó ti wù kó dùn ún gbọ́ tó, ariwo ló ń fà, kì í fa ìrònú. Bí ó bá sọ fún wa pé àwọn ará ilé ló ń sọ bẹ́ẹ̀ láti ìran dé ìran, ìyẹn ì bá tó, ì bá sì jẹ́ òótọ́.

Ọwọ́ ọ̀sán la wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá sí Gberefu. Ọ̀sà pa rọ́rọ́. Nígbà tí a gúnlẹ̀, a bẹ̀rẹ̀ sí í rìn nínú iyanrìn lábẹ́ àgbọn, a dé ibi kànga kan. Amọ̀nà ní wọ́n máa ń fún àwọn ẹrú ní omi rẹ̀ mu kí wọ́n lè gbàgbé ilé. A rìn síwájú sí i títí a fi ń gbọ́ ìró òkun. Òpó méjì wà níbẹ̀ tí wọ́n rì mọ́ iyanrìn. Ibẹ̀ ni wọ́n ń pè ní ibi tí ẹni tó bá lọ kì í bọ̀ mọ́. Amọ̀nà dúró láàárín òpó méjèèjì, ó kọ ẹ̀yìn sí òkun, ó sọ ọ̀rọ̀ ìparí rẹ̀. Àwọn kan ń sunkún. Ó ní bí ẹnikẹ́ni bá ní ìbéèrè, kó béèrè.

Màmá Òǹdó nawọ́. “Ẹ ṣeun, ọmọ mi. Gbogbo àwọn tí ẹ ti ń sọ̀rọ̀ wọn láti àárọ̀ yìí, ọmọ ta ni wọ́n? Ìlú wo ni wọ́n ti wá? Ọ̀nà wo ni wọ́n gbà dé ibí?”

Amọ̀nà rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Màmá, láti òkè ọ̀hún ni. Inú igbó lọ́hùn-ún.”

Màmá ní, “Òkè ọ̀hún yẹn, ibẹ̀ ni ilé mi.”

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ibẹ̀ ni ẹjọ́ tí mo ní pẹ̀lú ìrìn náà wà. Gbogbo ohun mìíràn tí mo ti sọ, èyí tí èèyàn lè fojú fò ni. Etí omi ni wọ́n fi hàn wá, wọn kò fi ọ̀nà tó dé etí omi hàn wá. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ẹrú la ń gbọ́, ẹrú, ẹrú, bí ẹni pé inú yàrá 40 yẹn ni wọ́n bí wọn sí. Kò sí orúkọ kan, kò sí ìlú kan, kò sí ìyá kan. Bẹ́ẹ̀ àwọn bàbá wa ti sọ ọ́ tipẹ́tipẹ́: ẹrú kú, ìyá kò gbọ́, ọmọ kú, ariwo ta, ẹrú ṣe ọmọ rí nílé ìyá rẹ̀. Òwe yìí ti ju gbogbo ìrìn ọjọ́ náà lọ, nítorí pé ó rántí ilé ìyá.

Bí amọ̀nà bá ní kò sí ìtàn irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ òun, irọ́ ni. Ẹni tí wọ́n ń yangàn rẹ̀ nílé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní àárọ̀ ló kọ ọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Àjàyí jẹ́ ọmọdékùnrin ní Òṣoògùn nígbà tí ogun wọ ìlú náà ní 1821. Wọ́n mú òun, ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀. Ní Ìsẹ́yìn, wọ́n fi í ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin. Nígbà tó yá, wọ́n tú pàṣípààrọ̀ náà ká, wọ́n gba ọmọ, wọ́n dá ẹṣin padà. Wọ́n yà á nípa kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́, láti ọjà dé ọjà, níbì kan wọ́n fi ọtí àti tábà rà á. Nínú ìrìn yẹn, ó gbìyànjú láti pa ara rẹ̀. Ní 1822 ni wọ́n tó kó o sínú ọkọ̀ àwọn Potogí ní Èkó, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì sì gbà á sílẹ̀ lójú òkun, tí wọ́n gbé e lọ sí Sàró. Ó lé lọ́dún kan tó fi wà lójú ọ̀nà lórí ilẹ̀ kó tó fojú kan òkun. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: nínú gbogbo ìyà rẹ̀, èyí tó pẹ́ jù lọ kò ṣẹlẹ̀ létí omi, ilé àti ọjà wa ló ti ṣẹlẹ̀. Àwọn tó rà á níbẹ̀, tí wọ́n tà á níbẹ̀, èdè rẹ̀ ni wọ́n ń sọ.

Ìtàn yẹn kò sì parí síbẹ̀. Crowther gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní 1845, ó gba ibẹ̀ lọ sí Abẹ́òkúta. Ní oṣù Ògún ọdún 1846, ìyá rẹ̀, Àfàlà, gbọ́ pé ọmọ òun wà níbẹ̀, ó wá. Ọdún 25 ti kọjá. Ìyá yẹn gbọ́! Ọmọ tó ti lọ padà bọ̀. Kí ló dé tí wọn kò sọ èyí fún wa nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, níbi tí ọmọ náà ti dúró lórí ọ̀nà àtirí ìyá rẹ̀? Bíbélì la rí. A kò rí Àfàlà.

Àwọn ará ìta lè sọ pé mò ń béèrè ohun tí kò ṣeé ṣe. Ẹ lọ sí Ouidah ní orílẹ̀-èdè Benin, kò jìnnà sí Àgbádárìgì. Ibẹ̀ ni àjọ UNESCO ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ lórí ọ̀nà àwọn ẹrú ní 1994. Wọ́n ní ọ̀nà kan tó tó kìlómítà mẹ́rin, láti ojúde tí wọ́n ti ń ta èèyàn láàárín ìlú títí dé òkun. Wọ́n to ère sí i lọ́tùn-ún lósì, ẹnubodè ńlá sì wà níparí rẹ̀. N kò sọ pé gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ ló péye, kìlómítà mẹ́rin kò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrìn oṣù mẹ́ta tàbí ọdún kan. Ṣùgbọ́n ó kéré tán, wọ́n ti mọ̀ pé ọ̀nà wà. Ẹsẹ̀ rẹ ni wàá fi mọ̀ pé ẹnìkan rìn kó tó wọ ọkọ̀.

Àgbádárìgì náà ní ọ̀nà tirẹ̀. Ní ìparí 1825, Clapperton àti ìránṣẹ́ rẹ̀ Richard Lander gúnlẹ̀ síbẹ̀, wọ́n sì gba ibẹ̀ lọ sí Ọ̀yọ́ Ilé lọ́dọ̀ Aláàfin. Ọ̀nà tí òyìnbó ń gbà wọlé, òun ni ọ̀nà tí àwọn mìíràn ń gbà jáde pẹ̀lú okùn lọ́rùn. Bí èmi bá jẹ́ amọ̀nà ní Àgbádárìgì, etí ìlú níhà òkè ni ǹ bá ti bẹ̀rẹ̀ ìrìn mi. Ǹ bá ní kí gbogbo wa kọjú sí àríwá, kí á dárúkọ ìlú tí a mọ̀ níbẹ̀, kí á tó yí ẹsẹ̀ padà sí ọ̀sà.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ Àgbádárìgì nìkan ni mò ń sọ, kí àwa ará òkè má lọ jókòó bí onílé tí kò jẹ gbèsè. A máa ń sọ pé Àkúrẹ́ àti Òǹdó jìnnà sí òkun, pé ọ̀rọ̀ omi kò kàn wá. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Láti Òǹdó, ọ̀nà kan wà tó gba inú igbó lọ sí etí ọ̀sà níhà Ayésàn àti Atíjẹ́rẹ́, tí ọkọ̀ ojú omi á gba Lẹ́kí àti Ẹ̀pẹ́ dé Èkó. Nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ń ti ọ̀nà tiwọn mọ́ ọjà Èkó, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tí Glover ń ṣe olórí rẹ̀ ní Èkó fẹ́ kí ọ̀nà yìí là. Ní 1872 wọ́n rán Kápútẹ̀nì Goldsworthy wá, ó bá wọn dá sí ìjà abẹ́lé tó ti sọ Òde Òǹdó di ahoro, àwọn èèyàn sì padà sílé. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ìlú Òǹdó tí a ń rí lónìí, ọ̀rọ̀ ọ̀nà omi wà lára ohun tó mú kí wọ́n tún un tẹ̀ dó.

Kí ló gba ọ̀nà náà kọjá? Iyọ̀ gba ibẹ̀, aṣọ gba ibẹ̀. Ìbọn ìgbàlódé tí àwọn Èkìtì Parapọ̀ fi kojú Ìbàdàn nígbà ogun Kírìjì náà gba ibẹ̀. Ìhìn rere gba ibẹ̀: Hinderer dé Òǹdó ní 1875, Charles Phillips, tó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1893, dé ní 1877. Àwọn Jámánì tilẹ̀ ti na ọwọ́ sí etí omi yẹn rí. Ní 1885, oníṣòwò kan láti Hamburg, Gaiser, bá Amapetu ti Mahin ṣe àdéhùn, kí ọdún náà tó parí ó ti bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Ṣùgbọ́n èyí tó wù mí jù nínú ohun tó gba ọ̀nà náà ni àwọn èèyàn tó ń padà bọ̀. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tí wọ́n ti tà rí, tí wọ́n ti dé Sàró tàbí Brasil, tí wọ́n tún padà dé Èkó, wọ́n ń wá ọ̀nà ilé tí kò ní gbé wọn gba àárín àwọn ọ̀tá kọjá. Ọ̀nà Òǹdó di ọ̀nà ilé fún wọn. Nítorí náà, “ibi tí ẹni tó bá lọ kì í bọ̀ mọ́” kì í ṣe gbogbo òótọ́. Ọ̀pọ̀ kò bọ̀, Ọlọ́run ló mọ iye wọn. Ṣùgbọ́n àwọn kan bọ̀. Sàró bọ̀, Àgùdà bọ̀. Ẹsẹ̀ wọn sì tẹ ilẹ̀ wa. Ìrìn tó bá parí síbi òpó méjì létí òkun ti gba ìpadàbọ̀ wọn lọ́wọ́ wọn.

Ibo ni àmì ọ̀nà yìí wà lónìí? Èmi kò rí i. Ọmọ Òǹdó tó ń lọ sí Àgbádárìgì láti lọ mọ̀ nípa omi, ó ti tẹ ọ̀nà omi tirẹ̀ mọ́lẹ̀ kó tó wọ ọkọ̀. Láti 3 oṣù Èrèlé 1976 tí wọ́n ti dá Ìpínlẹ̀ Òǹdó sílẹ̀, ìpínlẹ̀ tó ní etí òkun ni wá. Igbókòdà ń bẹ níbẹ̀ tí èèyàn ti lè wọ ọkọ̀ ojú omi. Ayétòrò, tí àwọn Àpọ́sítélì tẹ̀ dó ní 1947, ń bẹ níbẹ̀ tí òkun ń jẹ ẹ́ lọ lójoojúmọ́. Tí a kò bá tètè rìn ín, omi á gbé èyí tó kù.

Ẹ jẹ́ kí n parí pẹ̀lú Màmá Òǹdó. Nígbà tí à ń padà bọ̀, ilẹ̀ ti ń ṣú, a ti kọjá Ìjẹ̀bú-Òde. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti sùn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó fi irin kọ́rùn lẹ́ẹ̀kan jókòó ti Màmá. Ó bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n fi béèrè ìbéèrè yẹn.

Màmá pẹ́ kí wọ́n tó dáhùn. Wọ́n ní, “Ìyá tó bí ìyá àgbà mi, owó ni wọ́n fi rà á wá sílé wa. Ilé wa ló bímọ sí, ilé wa ló kú sí. Wọ́n fún un lórúkọ. Èyí tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, kò sẹ́ni tó bi í. Mo rò pé bóyá ibẹ̀ yẹn ni mo ti máa gbọ́ ibi tí irú wọn ti ń wá.”

Ọmọ náà kò mọ ohun tí yóò sọ. Èmi tí mo wà lẹ́yìn wọn náà kò mọ̀ ọ́n. Mo ti ń wo àwọn ará etí omi láti àárọ̀ bí ẹni tó ń wo ẹlẹ́bi. Ìgbà yẹn ló yé mi pé gbogbo ẹrú kọ́ ló dé òkun. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, ilé tiwa ni ìrìn wọn parí sí, wọ́n sì di ìyá wa. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣe ìrìn tó pé, a jẹ́ pé àgbàlá wa náà wà lára ibi tí wọ́n gbọ́dọ̀ yà sí.

Nítorí náà, tí ẹnikẹ́ni bá bi mí bóyá kí òun lọ sí Àgbádárìgì, màá ní, “Lọ. Má ṣe jẹ́ kí wọ́n fi irin sí ọ lọ́rùn ya fọ́tò. Tí amọ̀nà bá dárúkọ iye, bi í léèrè ẹni tó kà á. Dúró pẹ́ ní Vlekete. Ní ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, sọ pé kí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ Àfàlà fún ọ. Ṣùgbọ́n kí o tó kúrò nílé, kọ́kọ́ lọ jókòó ti àwọn àgbà ilé yín, kí o bi wọ́n pé ta ni kì í ṣe ọmọ bíbí ilé, ibo ló sì ti wá. Má fi bẹ́ẹ̀ dójú ti ẹnikẹ́ni. Fi wá orúkọ tó sọnù.”

Amọ̀nà wa ọjọ́ náà jẹ́ ọ̀dọ́, ó ní ohùn, ó ní sùúrù, ó sì ní ìgboyà láti sọ ìtàn Seriki bó ti rí. Nígbà tí à ń dágbére, ó wá bá Màmá, ó ní, “Màmá, ìbéèrè yín yẹn, mà á wá ìdáhùn rẹ̀.” Màmá ní kí Ọlọ́run ràn án lọ́wọ́. Èmi náà ṣe àmín. Tó bá wá a rí, mà á tún lọ, mà á sì tún san owó.